Ìyá Ọkọ Mi Ló Rán An, Èmi Ni Mo Gba Ìyìn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi wá ibi jókòó sí. Ọkọ mi ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Ìyá rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́, ó sì kìlọ̀ fún mi pé kí n má fi iyọ̀ kún un, kí n má sì yọ iyọ̀ rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí.

Ẹnjiníà ni mí. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù ni mo wà. Èmi ni mo ń bójú tó fáànù ńlá tó ń fa eruku igi kúrò nídìí àwọn ayùn, àti àwọn páìpù páànù gbọọrọ tí eruku náà ń gbà jáde. Mi ò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ níbẹ̀ tí fáànù àtijọ́ fi kú. Wọ́n ra tuntun. Máníjà wo àwọn ọkùnrin tó yí i ká, ó wò mí, ó ní, "Ìwọ ni kí o dè é. Jẹ́ ká rí ọwọ́ rẹ."

Mo dè é. Háà, mo dè é! Irin mọ́ irin, bóòtù méjìlélógún, ọwọ́ ara mi ni mo fi fún gbogbo wọn pinpin. Baba Sípánà, fọ́manù wa, tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, dúró wò ó.

"Ẹnjiníà, ẹ dè é bí ẹni de olè."

Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Nígbà tí a tan án, òrùlé gbọ̀n. Fèrèsé ń ró gbàgbàgbà. Kọ́ọ̀pù tíì máníjà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí tábìlì, ó rìn títí ó fi bọ́ sílẹ̀. Ariwo náà gba inú páìpù dé gbogbo yàrá, ó jáde síta, ó sì fo ògiri bọ́ sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn wa.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, nọ́ọ̀sì àgbà ti dé, ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ta ni ẹnjiníà níbí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọmọ mọ́kànlá ló wà lọ́dọ̀ mi tí wọn ò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé. Gbogbo wọn ló ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá rẹ ọ̀kan lẹ́kún, méjì á gbà á. Ṣé kí n kó wọn wá fún ọ ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó lọ, mo sì kọjú sí iṣẹ́. Mo fi bóòtù kún bóòtù, ariwo le sí i. Mo fi bẹ́líìtì irin de páìpù mọ́ ògiri, ògiri náà bá wọn dá sí i.

"Lánàá, fáànù nìkan ló ń jó," Baba Sípánà wí. "Lónìí, gbogbo ẹbí ló ti dìde."

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáànù nígbàkígbà tí àwọn ọmọ bá sùn. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ mọ̀ pé kò sí iṣẹ́ mìíràn tí ọmọ tuntun ń ṣe ju oorun lọ. Bí a bá sì ti pa fáànù, eruku á bo àwọn káfíńtà, wọ́n á máa wúkọ́, wọ́n á máa wo ojú mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, máníjà pè mí. "Mo fún ọ di ọjọ́ Ajé. Bí kò bá dákẹ́, mo máa pe ẹnjiníà mìíràn wá, ìwọ á sì máa bá a gbé àpótí irinṣẹ́."

Mo gbé ìbànújẹ́ délé.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa láti ìgbà tí orókún ti ń dà á láàmú. Màmá ni gbogbo wa ń pè é. Ó gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ wá, mo sì ní kí ọkọ mi gbé e sí kọ̀rọ̀, mo fi aṣọ bò ó, mo fi fáàsì òdòdó lé e lórí. Lójú tèmi, àgbàlagbà tó ń gbọ́ rédíò ni Màmá. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

"Ìyàwó mi," ó wí nígbà tí a jókòó jẹun, "ẹran yẹn ti kú o. Kí lo tún ń gún un sí?"

"Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, Màmá. Ẹ má dààmú ara yín."

"Ẹ̀rọ wo?"

Ọkọ mi ló dá a lóhùn. "Fáànù ibi iṣẹ́ wọn ni. Ó ń pariwo, ó ń mi gbogbo ilé."

Màmá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Kí ló wà láàárín òun àti páìpù?"

Mo gbójú sókè. Nínú gbogbo àwọn tó ti ń bínú sí mi láti ọ̀sẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni ò tíì bi mí ní ìbéèrè yẹn. "Kò sí nǹkan kan láàárín wọn, Màmá. Bóòtù ni mo fi dè wọ́n pọ̀."

"Háà! Ẹ so wèrè mọ́ ẹni tó ń sùn, ẹ wá ń bẹ ẹni tó ń sùn pé kó má jí?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi há a lọ́fun. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí mo lóyún ọkọ rẹ yìí, ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun ni mo ti ń ránṣọ. Asẹ́ kan wà níbẹ̀ tó tó yàrá yìí, tó ń mì láti àárọ̀ dalẹ́. Páìpù tó ń da ìyẹ̀fun sí i kì í mì rárá. O mọ ohun tó wà láàárín wọn? Aṣọ. Bí ọwọ́ ẹ̀wù. Èmi ni mo ń rán an. Asẹ́ á máa jó, páìpù á máa wò ó. Ìyẹ̀fun á kọjá, mímì ò ní kọjá."

Ara mi bù máṣọ. Wọ́n ti kọ́ wa ní nǹkan yìí nílé ìwé! Ojú ewé kan péré ni. Mo tilẹ̀ yà á nínú ìdánwò, mo gba máàkì lé e lórí, mo sì gbàgbé rẹ̀ kí n tó délé.

"Ohun kan ló wà níbẹ̀," Màmá na ṣíbí sí mi. "Má fà á le. Aṣọ tó bá ti le, irin ló dà yẹn. Jẹ́ kó dẹ̀."

Ní àárọ̀ Sátidé, mo ra tapólì, aṣọ líle tí wọ́n fi ń bo ẹrù lórí ọkọ̀. Màmá fà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi eyín tẹ etí rẹ̀. Ó ní ó dára. Mo gbé fáàsì òdòdó kúrò. Lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ orúkọ orókún lẹ́nu rẹ̀. Ó ń tẹ maṣíìnì, ó ń kùn bí ẹni kọrin, ó sì ń pàṣẹ.

"Mú téèpù wá. Di ibí mú. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀! Ṣé ọrùn adìẹ lo dì mú ni?"

Ó rán ojú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì. Ó fi ìda pa òwú kí afẹ́fẹ́ má baà rí ihò gbà. Ó ní kí ọkọ mi gé irin pẹlẹbẹ sí etí méjèèjì, níbi tí bóòtù máa gbà wọlé. Nígbà tó parí, ó gbé e sókè, ó dà bí ọwọ́ ẹ̀wù òmìrán.

"Ṣé o rí ìwọ̀n ìka mẹ́rin tí mo fi kún gígùn rẹ̀ yìí? Òun gan-an ni iṣẹ́. Aṣọ lásán ni ìyókù."

Ní ọjọ́ Ajé, mo ní kí Baba Sípánà gé páìpù kúrò lẹ́nu fáànù, kí àlàfo wà láàárín wọn. Ó rí ohun tí mo gbé dání.

"Aṣọ? Ẹnjiníà, ṣé òtútù ló ń mú fáànù ni?"

Ṣùgbọ́n ó dè é. A tan fáànù.

Fáànù gbọ̀n bó ṣe máa ń gbọ̀n. Aṣọ náà wú díẹ̀, ó ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀. Páìpù dúró jẹ́ẹ́. Mo gbé etí lé e, kìkì afẹ́fẹ́ ni mo gbọ́, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń mí lójú oorun. Àwọn káfíńtà pa ayùn, wọ́n ń wo òkè. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì àgbà sáré wọlé. "Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí o?"

"Fáànù ń ṣiṣẹ́, mà. Ó ti dákẹ́ ni."

"Ó dákẹ́? Ọmọ mọ́kànlá ló sùn lẹ́ẹ̀kan náà, àyà mi já, mo rò pé nǹkan ti ṣe wọ́n!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Máníjà gbá mi léjìká. "Ta ló ṣe èyí?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti yọ̀. Orúkọ Màmá ti dé orí ahọ́n mi. Mo wá wo ojú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, àwọn tó ń dúró de ọjọ́ tí màá ṣubú. Mo rò ó pé: bí mo bá ní ìyá ọkọ mi ni, wọ́n á máa pè mí ní ẹnjiníà tó ránṣẹ́ pe ìyá ọkọ.

"Èmi ni," mo wí.

"Ìwọ lo rán an?"

"Ọwọ́ ara mi."

Baba Sípánà wo ìka mi.

Nígbà tí mo délé, Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó dákẹ́?"

"Ó dákẹ́, Màmá!"

Ó fò sókè. Lórí orókún yẹn! "Kí ni ọ̀gá rẹ wí?"

Irọ́ kì í dá nìkan rìn. "Ó ní kí n kí yín púpọ̀púpọ̀."

"Ó kí mi? Ọ̀gá yín odidi?" Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. "Kí ló dé tí kò yà kí n rí ojú rẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ló ń dùn ún, Màmá. Kò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀."

N kò mọ ibi tí mo ti mú un wá. Ọkùnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo ọjọ́ Sátidé!

Láti ọjọ́ yẹn, wàhálà dé. Ní àràárọ̀, Màmá á ní, "Bá mi béèrè ẹ̀yìn rẹ̀." Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́dọ̀ mú èsì wá. Mo ní ó sàn díẹ̀. Màmá fi òróró ìpara rán mi sí i, ìgò kan. Mo tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ mi níbi iṣẹ́. Ó fi ìgò kejì ránṣẹ́. Ó fi ìkẹta. Ó rán fìlà fún un, ó ní orí ọ̀gá kò gbọdọ̀ wà lásán. Dúrọ́ọ̀ mi kún tó bẹ́ẹ̀ tí n kò rí ibi kó bírò sí mọ́.

Kí ara lè tù mí, mo ra gèlè kan, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Mo ní máníjà ló rà á. Màmá gbé e sáyà. Ó mú un lọ fi han àwọn aládùúgbò, ilé lẹ́yìn ilé.

Ẹ wò ó, mo jí iṣẹ́ obìnrin yìí, mo wá ń fi gèlè dá a lọ́lá. Inú rẹ̀ sì ń dùn. Ìdùnnú rẹ̀ ló ń gún mi jù.

Kò pẹ́, máníjà ní àwọn fáànù kékeré mẹ́rin náà gbọ́dọ̀ ní jọ́ìǹtì aláṣọ bíi ti fáànù ńlá. Màmá rán gbogbo wọn láàárín ọjọ́ márùn-ún. Bó ṣe ń gé òwú ìkẹyìn, ó bi mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ṣé n kò lè wá wò ó lẹ́ẹ̀kan? Kí n kàn gbé etí lé e."

"Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọlé, Màmá."

"Ó dáa náà." Ó ń ká òwú kiri ìka rẹ̀, kò wojú mi. Ọkọ mi, tó ń ka ìwé nítòsí, wò ó.

Lẹ́yìn èyí, ìròyìn dé pé ìyá tó ni ilé iṣẹ́ ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Máníjà yí ká, ó ń tún gbogbo nǹkan tò. Ó dúró nídìí fáànù ńlá.

"Iṣẹ́ rẹ dára, àmọ́ aṣọ yìí rọ jọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó. Ṣé kò lè le dáadáa, kó dán?"

Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé kò gbọdọ̀ le. Ṣùgbọ́n ìyìn ti wọ̀ mí lórí, mo fẹ́ kó tún yìn mí sí i. Mo ní kí Baba Sípánà tú bóòtù, ká ká ìka mẹ́rin yẹn sínú, ká fà á le.

"Ẹnjiníà," ó wí, "ẹ̀yin lẹ rán an. Ṣé àfikún yìí ò ní iṣẹ́ tó ń ṣe?"

"Kò ní," mo dá a lóhùn.

Ó le gbandi. Ó dán. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni, iṣẹ́ ti parí, a ò tan fáànù.

Ọjọ́bọ̀ dé, iṣẹ́ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá oníléeṣẹ́ wọlé, obìnrin olóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó wọ ìgò ojú. Nọ́ọ̀sì àgbà wá gẹ́gẹ́ bí àlejò. Àwọn òṣìṣẹ́ tò yí ká. Máníjà sọ̀rọ̀ nípa mi títí orí mi fi wú. Ó ní, "Ẹ tan fáànù!"

Òrùlé gbọ̀n. Fèrèsé ń ró. Ariwo ọjọ́ kìn-ín-ní padà, ó tún bímọ sí i. Nọ́ọ̀sì àgbà di etí, ó ń pariwo, "Àwọn ọmọ mi!" Kí ẹnikẹ́ni tó dé ìdí bọ́tìnì, a gbọ́ "fàà!" Jọ́ìǹtì náà ya níbi tí a ká a sí. Gbogbo eruku igi tó wà nínú páìpù dà lé wa lórí.

Nígbà tó rọlẹ̀, ẹ ò lè mọ máníjà yàtọ̀ sí aṣọ́nà. Gbogbo wa pọ́n rúsúrúsú. Ìyá oníléeṣẹ́ wúkọ́, ó bọ́ ìgò ojú, ó nù ún, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Kò burú. Ẹni tó rán an ṣáà wà níbí. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń rán aṣọ àga náà wà. Ẹ jẹ́ kó tún un rán níṣojú mi. Èmi náà fẹ́ràn ìránṣọ."

Wọ́n gbé àga fún mi. Mo jókòó sídìí maṣíìnì. Ogójì ènìyàn yí mi ká. Mo mú òwú, mo fi itọ́ pa á, mo gbé e súnmọ́ abẹ́rẹ́. Kò wọlé. Mo tún gbé e. Ó tún kọ̀.

Baba Sípánà bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí mi. "Ẹnjiníà, ìsàlẹ̀ ni ihò abẹ́rẹ́ maṣíìnì máa ń wà. Òkè lẹ ti ń wá a."

Lásìkò yẹn ni aṣọ́nà sáré dé. "Ọ̀gá, ìyá kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ yín ni àwọn."

Kí máníjà tó dáhùn, mo rí gèlè aláwọ̀ ojú ọ̀run. Màmá ń bọ̀, ó di apá ọkọ mi mú. Àánú ìyá rẹ̀ ló ṣe é tó fi gba àyè níbi iṣẹ́ tirẹ̀, ó ní bó ti wù kó rí, ìyá òun á rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lónìí.

Màmá béèrè ẹni tí í ṣe máníjà. Wọ́n nawọ́ sí i. Ó lọ bá a tààrà nínú eruku rẹ̀.

"Ọ̀gá ìyàwó mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yìn yín ń kọ́?"

"Ẹ̀yìn mi, Màmá? Kò sí ohun tó ṣe é."

"Ọpẹ́ o! Òróró yẹn ṣiṣẹ́ nìyẹn!"

"Òróró wo?"

"Ìgò mẹ́ta tí mo fi ránṣẹ́. Ṣé fìlà gba orí yín?"

Máníjà fọwọ́ kan orí rẹ̀, eruku bọ́ sílẹ̀. "Fìlà?"

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Gèlè tí ẹ rà fún mi náà ni mo wé yìí."

"Màmá, ẹ foríjì mí. Kí ló dé tí mo fi ra gèlè fún yín?"

"Nítorí aṣọ fáànù tí mo rán ni," Màmá wí. Ó wá ń wo ojú gbogbo ènìyàn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín rẹ̀ ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

Ọkọ mi wò mí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbàdúrà kí ọkọ yín má wò yín bẹ́ẹ̀ láé.

Mo dìde nídìí maṣíìnì, mo kúnlẹ̀ sínú eruku. Mo sọ gbogbo rẹ̀: oúnjẹ alẹ́ yẹn, ilé iṣẹ́ ìyẹ̀fun, ìkíni tí ẹnikẹ́ni ò kí, ẹ̀yìn tí kò dun ẹnikẹ́ni. Mo lọ ṣí dúrọ́ọ̀, mo kó ìgò mẹ́ta àti fìlà jáde. Máníjà gba fìlà, ó dé e. Ó bá a mu rẹ́gí. Baba Sípánà na ọwọ́, ó mú ìgò kan.

"Ẹ má bínú," ó wí. "Ẹ̀yìn tèmi ń dùn mí lóòótọ́."

Ẹ̀rín bẹ́. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi, ó lọ sídìí fáànù, ó fọwọ́ gba ibi tó ya.

"Ta ló fà á le?"

"Èmi ni, Màmá."

"Mo sọ fún ọ."

"Ẹ sọ fún mi."

Ó jókòó sídìí maṣíìnì. Ó kó òwú wọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìsí ìgò ojú. Ó tú ibi tí a ká, ó fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́, ó rán an ní ìlọ́po méjì. Baba Sípánà dè é bó ṣe ní kí wọ́n dè é, pẹ̀lú ìka mẹ́rin rẹ̀. Wọ́n tan fáànù. Màmá gbé etí lé páìpù, ó di ojú. Nọ́ọ̀sì àgbà ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mi sùn? Ẹ̀yin ni?"

Ìyá oníléeṣẹ́ yíjú sí mi. "Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn gbọ́gbọ́n lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ̀. Ìtìjú tó wà nílẹ̀ yìí, ìyẹn lo fi ọwọ́ ara rẹ rán."

Wọn ò lé mi. Wọ́n fi mí sábẹ́ Baba Sípánà fún oṣù mẹ́fà. Ó gbádùn ara rẹ̀! Ó ní kí n ka gbogbo bóòtù tó wà nílé iṣẹ́, ó wá ní ká jọ tún un kà, nítorí pé òun ò gbà mí gbọ́. Wọ́n sì bẹ Màmá pé kó máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa kọ́ àwọn aránṣọ àga bí wọ́n ṣe ń rán jọ́ìǹtì. Ó gbà.

Ṣùgbọ́n nílé, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń dáhùn ìkíni mi, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹrin, mo bá a ní kíṣìnì, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí kíkúnlẹ̀ ò tó mọ́.

"Dìde," ó wí. "Ìwọ gbọ́. Kì í ṣe iṣẹ́ tí o jí ló dùn mí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ò lè tán. Ìkíni yẹn ni. Láti ìgbà tí orókún ti gbé mi jókòó, ẹnikẹ́ni ò kí mi kú iṣẹ́ mọ́. O wá mú un wá lálaalẹ́. Mo ń fi sùn. Àṣé o ń rọ ọ́ lójú ọ̀nà ni."

Mo sunkún. Òun náà nu ojú, ó ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà nílẹ̀.

"Lọ gbé àga wá sídìí maṣíìnì," ó wí nígbà tó yá. "Irọ́ tí o pa pé o mọ ọ́n rán, a máa sọ ọ́ di òótọ́."

Ó kọ́ mi. Ẹ má béèrè bó ṣe rí. "Tú u." Màá tú u. "Ojú yìí wọ́. Tú u." Ọkọ mi á jókòó, á máa rẹ́rìn-ín, títí Màmá fi ní kí òun náà wá di etí aṣọ mú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wo ẹsẹ̀ yín bóyá ẹ máa ṣubú, mo mọ bó ṣe ń rí. Ìyẹn ò ní kí ẹ gba ògo ẹlòmíràn mọ́ra. Ẹ dárúkọ ẹni tó ràn yín lọ́wọ́. Ẹ̀rín tí wọ́n máa fi yín rín kò ní pẹ́ tó èyí tí wọ́n fi mí rín. Títí di òní, bí mo bá ti gbé òwú dání, ẹnì kan á kígbe pé, "Ìsàlẹ̀ o!"

Ní oṣù tó kọjá, ilé ìtẹ̀wé kan ránṣẹ́ pè wá. Fáànù wọn ń mi gbogbo ilé, àwọn tó ń gbé lókè wọn ò sì lè sinmi. Màmá ní ọwọ́ òun dí. Ó ní kí n rán an fúnra mi, òun á kàn bá mi dé ibẹ̀. Ọjọ́ méjì ni mo fi rán an. Kò fọwọ́ kàn án, kò sì ní kí n tú u.

A dè é, a tan án. Ilé náà dákẹ́. Onílé ìtẹ̀wé gbé etí lé páìpù, ó yí ojú sí Màmá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Màmá, iṣẹ́ yín dára o! Ẹ̀yin lẹ rán an?"

Màmá wò mí. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, kò yára.

"Rárá o," ó wí. "Ìyàwó mi ló rán an. Ẹ kí i."